Àgádágodo Ẹ̀yìn Ìkélé

Ìgbà kẹta tí ohùn Islamiat já mọ́ ọn lẹ́nu ni ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òtútù.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni, nínú yàrá orin ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá, olùdarí eré, jókòó sídìí dùùrù, rúlà onígi rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Islamiat dé ibi tí orin náà ti ń gòkè, ibi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù, ó la ẹnu, ohùn sì há sí i lọ́fun bí eegun ẹja. Ó tún un ṣe, ó tún há. Nígbà kẹta, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Ká ní Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá bínú ni, ì bá sàn. Ó kàn yíjú sí Olúwatóyìn Ajíbóyè pé kó dìde kó gbé e. Olúwatóyìn dìde, ó gbé orin náà, ó sì kọ ọ́ dé òkè téńté láìsí ìdíwọ́ kankan. Bó ṣe ń jókòó padà, kò wo ojú Islamiat. Ìyẹn gan-an ni Islamiat rí.

Olúwatóyìn ni adelé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé-ẹ̀kọ́ yẹn ni pé ẹni tó bá gba ipa àkọ́kọ́ nínú eré gbọ́dọ̀ ní adelé kan tó mọ gbogbo orin rẹ̀ àti gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀, tí yóò bọ́ sípò rẹ̀ bí àìsàn bá dé. Títí dìgbà náà, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni adelé ń dúró sí. Òun ló ń ṣe àwọn ohùn tí èrò ń gbọ́ tí wọn kì í rí ẹni tó ni ín, òun náà ló sì ń ṣọ́ àlàfo. Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá kórìíra àlàfo ju ohunkóhun lọ. Bí ẹni tó wà níwájú bá gbàgbé orin, tó sì dákẹ́ kọjá ení èjì, adelé gbọ́dọ̀ gbé ìlà àkọ́kọ́ láti ẹ̀yìn kí èrò tó fura. Ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ní kí Islamiat dákẹ́ lójijì, á fi rúlà kan igi dùùrù, kó sì tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, Olúwatóyìn ti gbé e. Oṣù méjì ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ ọmọ náà lára débi pé ẹnu rẹ̀ máa ń ṣí kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

Eré náà fúnra rẹ̀ kò díjú. Ọmọbìnrin kan ṣìnà nínú igbó, ìyá rẹ̀ tó ti kú sì pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta ló máa fi orin dá a lóhùn, orin gígùn kan báyìí tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni èrò ṣe ń wá. Lọ́dọọdún, oríkì ẹni tó bá gba ipa náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá fi ń sọ ọmọbìnrin yẹn lórúkọ, kí ìpè náà lè wọ ẹni tí wọ́n ń pè lára. Ti ọdún yìí, Àbẹ̀ḿbí ni. Oríkì tí ìyá bàbá Islamiat fi máa ń kí i láràárọ̀ nígbà ayé rẹ̀, nílé wọn ní Òkè-Àdó, nìyẹn. Ẹni tó sì ń dúró lẹ́yìn ìkélé tó ń pe Àbẹ̀ḿbí lẹ́ẹ̀mẹta lójoojúmọ́, Olúwatóyìn ni.

Ká ní èmi ni, ǹ bá ti fura ṣáájú. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló gba Islamiat lọ́kàn. Alhaji Bùsàrí, bàbá rẹ̀, kò fi tìfẹ́tìfẹ́ gbà kó wá kọ́ṣẹ́ yìí. Ó wò ó níran fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: òun yóò wá síbi eré òpin ọdún, òun yóò jókòó síwájú, òun yóò sì fi ojú ara òun wò ó. Bí òun bá rí i pé iṣẹ́ gidi ni ọmọ òun ń ṣe, ó parí nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni Islamiat ń kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, kò sì ní fẹsẹ̀ kan Bódìjà mọ́ nítorí orin. Alhaji Bùsàrí kì í sọ̀rọ̀ kó yẹ̀ ẹ́. Eré náà sì ku ọjọ́ mẹ́wàá.

*

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Ọjọ́rú yẹn, Olúwatóyìn ti gun ọ̀kadà lọ sí Apẹ́tẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni ibi tí wọ́n júwe fún un. Níwájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ poli jókòó, wọ́n ń dirun, rédíò ń pariwo, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá kò ní rò ó sí nǹkan kan. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ kejì wà. Ìyá Jọlá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbé aṣọ àwọ̀ ewé kan sókè, ó ní kí Olúwatóyìn wọlé, ó sì jókòó tì í lórí àpótí bí ẹni tó fẹ́ yẹ irun rẹ̀ wò. Ó gba irun tí Olúwatóyìn yọ lára kóòmù Islamiat, ó gba àgádágodo tuntun tí kò tíì ti ilẹ̀kùn kankan rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìwọ gan-an lò ń pè é, àbí ẹlòmíì?"

"Èmi ni, mà."

"Ó sì máa ń dá ẹ lóhùn?"

"Ojoojúmọ́, mà. Bí eré yẹn ṣe rí ni."

Ìyá Jọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ti parí nìyẹn. Àwọn kan á wá ọ̀nà tí wọ́n á fi pe èèyàn kó dáhùn títí, wọn ò ní rí. Tìẹ, ilé-ìwé ló bá ẹ ṣètò ẹ̀."

Ohun tó sọ lẹ́yìn náà kò pọ̀. Kí Olúwatóyìn máa mú àgádágodo náà lọ́wọ́ ní ṣíṣí nígbàkúùgbà tó bá ń pe Àbẹ̀ḿbí, kí ó lè mọ ohùn náà. Ọ̀fun onítọ̀hún yóò máa há díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu. Lọ́jọ́ eré, ní ìpè kẹta, bí ìdáhùn bá ti jáde báyìí, kó tì í. Ohùn náà ti wọlé nìyẹn. Kó tó di pé oòrùn wọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ohùn yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Bí oòrùn bá wọ̀ bá a ní títì, Ìyá Jọlá ní òun kò mọ ibi tó ń gbà lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì wá bi òun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan péré tí òun yóò fi bọ́ síwájú ní ipò Islamiat. Ohun tí Olúwatóyìn ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn bó ṣe ń padà bọ̀. Òun ló kọ́ Islamiat bí wọ́n ṣe ń fi ikùn mí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ọmọ yẹn ń fi imú kọrin bí ọmọ ilé-kéú. Òun ló ń jí i ní ìdájí kí wọ́n jọ dán ohùn wò. Nígbà tí wọ́n wá lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri, ti Islamiat ló wà lókè. Bí ẹ bá fẹ́ pè é ní ìlara, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Òun ń pè é ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

*

Ní Agbowó, nínú yàrá tí Islamiat àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Qonitah jọ ń gbé, nǹkan kò dúró déédéé mọ́. Omi inú fúláàsì Islamiat bẹ̀rẹ̀ sí í ní adùn irin. Ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ó fi òróńbó fọ̀ ọ́, irin náà kò lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, bó ṣe ń wẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnìkan pe Àbẹ̀ḿbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti fẹ́ dáhùn, ó rántí pé kò sí ẹnì kankan nílé yẹn tó mọ oríkì òun àfi Qonitah, Qonitah sì wà ní kíláàsì. Ó bu omi sójú, ó dúró síbẹ̀ títí tí ọṣẹ fi gbẹ mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn náà ló ṣàkíyèsí kóòmù rẹ̀. Irun tó máa ń kó sí eyín rẹ̀, tí kì í ráyè yọ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnìkan ti yọ ọ́ mọ́ tónítóní.

Ta ló ń wọ yàrá yìí? Ta ló ń po oyin àti atalẹ̀ fún un láràárọ̀, tó ń dúró tì í títí yóò fi mu ún tán? Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ ẹni tó rò. Àtọjọ́ yẹn ló ti ń da oyin Qonitah sínú ìdọ̀tí bí onítọ̀hún bá ti yíjú. Ó kó kóòmù rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí Qonitah bá pè é, ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀ kó tó dáhùn. Ìfura kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Ó ń mú ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì ju ibà lọ, ọjọ́ mẹ́ta péré sì ti tó láti mú kí Islamiat rù.

Qonitah kì í ṣe òmùgọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó gbé ife oyin náà sílẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo rí i pé o ti ń dà á nù. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹ jà. Mo wà lára àwọn elégbè, ẹ̀gbẹ́ ìkélé yẹn ni mo máa ń dúró sí. Tó bá ti ń pè ẹ́, Tóyìn máa ń di nǹkan kan mú. Padlock ni, Isla. Tuntun, ó wà ní ṣíṣí. Ó máa ń dì í mú bí ẹni tó di ọmọ aláìsàn mú."

"Láti ìgbà wo lo ti rí i?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan."

"Ọ̀sẹ̀ kan. O sì ń po oyin."

Qonitah ti ife oyin náà sún mọ́ ọn. Ó ní òun ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má sọ pé òun ń dá ìjà sílẹ̀. Islamiat gbà á gbọ́, kò sì gbà á gbọ́. Kò mu oyin náà.

*

Ìyá Islamiat ló mú un lọ sọ́dọ̀ Alfa Surajudeen ní Ṣàngó, lẹ́yìn ìrun Alaásárì ọjọ́ yẹn. Alhaji Bùsàrí kò gbọ́ sí i. Alfa yìí ti di arúgbó, ojú rẹ̀ kan ti funfun, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ débi pé ẹni tó wá bá a á rò pé ó ti sùn lọ. Nígbà tí Islamiat ròyìn ìpè àti àgádágodo náà fún un tán, ó fọ wàláà tó kọ Kùránì sí, ó da omi dúdú rẹ̀ sínú igo, ó ní kí Islamiat máa mu ún fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó dé ẹnu igo náà. Ó ní òun ò ní bi í léèrè orúkọ ẹni tó ń ṣe é, nítorí orúkọ ò ṣe nǹkan kan.

"Irú nǹkan yẹn ò lójú," ó wí. "Ẹnu tó bá kọ́kọ́ dá ìpè náà lóhùn ló máa gbé. Má jẹ́ kí ẹnu tìẹ ṣíwájú."

"Alfa, orin ni. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Kò sẹ́lòmíì lórí ìtàgé lásìkò yẹn."

Alfa Surajudeen wo Islamiat àti ìyá rẹ̀. "Mi ò mọ tìtàgé, ọmọ mi. Mo ti sọ tèmi."

Nínú ọkọ̀ máíkírà tí wọ́n wọ̀ padà, ìyá rẹ̀ ń ka tẹ̀sùbáà, Islamiat ń wo igo tó wà ní itan rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Bó bá dáhùn, ohùn lọ. Bí kò bá dáhùn, gbogbo èrò á rí i tó dúró bí òpó, bàbá rẹ̀ á sì dìde níwájú wọn. Ọ̀nà méjèèjì, Òkè-Àdó ló já sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá pé kó jẹ́ kí Qonitah máa ṣe ìpè náà dípò Olúwatóyìn. Kò sọ ìdí. Olùdarí náà ní ohùn Olúwatóyìn ló sún mọ́ tirẹ̀ jù bí ohùn ìyá àti ọmọ, òun kò sì ní tú eré tó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fi kún un pé bí ara Islamiat kò bá dá, kó má tijú, adelé ti wà ní sẹpẹ́. Islamiat dúpẹ́, ó sì jáde.

*

Kí ẹ má rò pé ọkàn Olúwatóyìn balẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tó ń kọjá ní Ṣàngó, ó ti ki ọwọ́ bọ àpò láti sọ àgádágodo náà gba fèrèsé ọkọ̀. Ó ti ń wúwo jù. Ó tún ń móoru, ooru tí kì í ṣe ti ọwọ́ ènìyàn, ọ̀sán yẹn gan-an sì ni Islamiat ti wò ó lójú nínú yàrá aṣọ eré, tó da omi kan tó dúdú díẹ̀ sínú ọmọrí fúláàsì rẹ̀, tó sì nà án sí i.

"Mu díẹ̀. Ó dáa fún ohùn."

"Mo ti mu tèmi."

"Kí ló wà nínú ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ń bà ẹ́?"

"Ẹ̀rù ò bà mí," Olúwatóyìn fèsì. "Ìwọ ni mo rí tó ń gbọ̀n."

Lóòótọ́ ni ọwọ́ Islamiat ń gbọ̀n, omi náà sì ń ta sórí bàtà wọn méjèèjì. Olúwatóyìn fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Àwọn méjèèjì rí i pé ẹnì kejì ti mọ̀, wọ́n sì bá aṣọ wíwọ̀ wọn lọ bí ẹni pé wọn ò sọ nǹkan kan. Obìnrin tó ń rán aṣọ fún wọn ń bi wọ́n bóyá ọrùn aṣọ ò fún wọn jù.

Ìdí nìyẹn tí Olúwatóyìn fi fẹ́ sọ ọ́ nù. Ọwọ́ rẹ̀ ti yọ lójú fèrèsé tán nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ṣakí. Ìyá yìí ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo akọrin ló ń bọ̀ ní Sátidé, odidi bọ́ọ̀sì ìjọ, wọ́n ti fọ aṣọ wọn, wọ́n fẹ́ wá wo ọmọ wọn tó gba ipa àkọ́kọ́ nínú eré.

Irọ́ tí Olúwatóyìn pa fún ìyá rẹ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn nìyẹn. Kò sọ fún un rí pé adelé lòun, pé ẹ̀yìn aṣọ lòun máa wà, pé ẹnikẹ́ni ò ní rí òun. Ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé kí wọ́n máa bọ̀. Ó sì dá àgádágodo náà padà sínú àpò.

*

Sátidé dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Alhaji Bùsàrí jókòó síwájú pátápátá pẹ̀lú fìlà funfun, ó ká apá mọ́ra. Lẹ́yìn, àwọn obìnrin Ṣakí jókòó ní ìlà méjì, wọ́n ń na ọrùn, wọ́n ń wá ọmọ wọn.

Islamiat ti mu omi wàláà fún ọjọ́ mẹ́rin, ohùn rẹ̀ sì ti padà díẹ̀. Apá kìíní lọ dáadáa. Ó jó, ó kọrin, ó rí i tí bàbá rẹ̀ tú apá tó ká sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìran igbó ṣe ń sún mọ́lé, ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Nígbà tí wọ́n dín iná kù, tí gbogbo ènìyàn fi í sílẹ̀ lórí ìtàgé, adùn irin yẹn ti kún un lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìkélé, Olúwatóyìn dúró síbi tó máa ń dúró sí. Àgádágodo wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó gbóná bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Kọ́kọ́rọ́ wà ní ọwọ́ òsì. Ó ti múra ọkàn rẹ̀: bí ìdáhùn bá ti jáde, kí àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò fẹ́ fún ara rẹ̀ láyè láti tún un rò.

"Àbẹ̀ḿbí o."

Ìpè àkọ́kọ́ gba gbọ̀ngàn náà kọjá, ọmọ kékeré kan sì dá ẹkún sílẹ̀ lẹ́yìn. Islamiat yí orí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Àbẹ̀ḿbí o."

Ó dìde lórí orúnkún rẹ̀. Ó rí fìlà funfun bàbá rẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ Alfa, ó rántí ohùn tó pè é nígbà tó ń wẹ̀. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, kò tíì mọ ohun tó máa ṣe.

"Àbẹ̀ḿbí o."

Ó la ẹnu. Orin náà ti wà létè rẹ̀. Ẹ̀rù sì bà á, ẹ̀rù gidi, irú èyí tó máa ń mú kí ènìyàn gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Alhaji Bùsàrí fọwọ́ ti apá àga rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Ení.

Èjì.

Láti ẹ̀yìn ìkélé ni ìlà àkọ́kọ́ ti jáde, ó dún geerege, ó dùn, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Oṣù méjì rúlà Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá ló la ẹnu Olúwatóyìn. Kò gbèrò rẹ̀. Nígbà tí etí rẹ̀ fi máa gbọ́ pé ohùn òun ni, àtàǹpàkò rẹ̀ ti ṣe ohun tó ti pàṣẹ fún un. Àgádágodo náà tì, ó dún pẹ́rẹ́, ìlà orin náà sì gé sí méjì láàárín.

Islamiat gbọ́ bó ṣe gé. Ó dìde dúró, ó gba orin náà níbi tó já sí, ohùn rẹ̀ sì gòkè bí kò ṣe gòkè rí láyé rẹ̀. Àwọn èrò rò pé bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ kó tó parí.

*

Nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni aṣọ ìkélé wálẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dì mọ́ ara wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá ń nu ojú. Islamiat yọ kúrò láàárín wọn, ó gba ẹ̀yìn lọ.

Olúwatóyìn wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú òkùnkùn ibẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀ láàárín okùn àti àpótí. Nígbà tí àgádágodo tì, ó ta gìrì, kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń wá a. Ó gbọ́ ẹsẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó la ẹnu, nǹkan kan ò jáde, àní èémí pàápàá kò dún. Ó fi ọwọ́ hàn án bí kọ́kọ́rọ́ ṣe rí. Ó nawọ́ sí fèrèsé kékeré tó wà lókè ògiri, níbi tí oòrùn ti pọ́n tó ń lọ, ó tún nawọ́ sí ọ̀fun ara rẹ̀. Omijé ń wọ́ lójú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń sọ pé jọ̀ọ́, jọ̀ọ́.

Islamiat sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan, ó sì gbọ́ nǹkan kékeré kan lábẹ́ bàtà rẹ̀. Kò ní láti wò ó kó tó mọ ohun tó jẹ́.

Àánú ṣe é. N ò ní parọ́ mọ́ ọn, àánú ṣe é gan-an. Ó rántí ìdájí tí Olúwatóyìn máa ń jí i. Ṣùgbọ́n ó tún rántí kóòmù rẹ̀, ó rántí ọjọ́ tí ọṣẹ gbẹ mọ́ ọn lára, ó sì rò ó pé ẹni tó bá gba ohùn rẹ̀ padà lónìí yóò tún dúró lẹ́yìn òun lọ́la, níbi tí òun ò ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Inú bí i. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Kò sí nǹkan níbí," ó wí.

Olúwatóyìn tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa ilẹ̀. Láti ìta, àwọn obìnrin Ṣakí ń bi ara wọn ibi tí ọmọ àwọn wà.

"Àbẹ̀ḿbí."

Alhaji Bùsàrí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ìtàgé. Láti ìgbà tí ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ ti kú, kò fi oríkì yẹn pe Islamiat rí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní òun ti rí i, òun ò tún ní sọ nǹkan kan mọ́ láyé òun nípa orin rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i pé kó máa bọ̀.

Islamiat kò dáhùn. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan. Síbẹ̀ kò lè lọ bá a, nítorí bó bá gbé ẹsẹ̀, Olúwatóyìn máa rí kọ́kọ́rọ́ náà. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ náà síwájú sí i, ó ń bi í bóyá ó ṣì ń bínú sí òun. Islamiat dúró síbẹ̀, ó ń wo fèrèsé, ó ń retí ìgbà tí pupa yẹn máa tán.